Okùn gìtá oníná: 9, 10 àbí 11? Ẹ gbà mí, ìka mi ti fẹ́ bó

ỌmọAkọrin_ÒgoOlúwa
Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gìtá oníná tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó rìnrìn àjò ni mò ń lò, irú èyí tó ní ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń mi ohùn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta á láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n láti bí oṣù méjì ni ẹgbẹ́ jùjú kan ti ń pè mí sí òde ìnáwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Okùn tó wà lórí rẹ̀ gbó, mo lọ ra òmíràn. Ẹni tó tà á fún mi gbé 11, èyí tó nípọn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lé mi lọ́wọ́, ó ní okùn ọkùnrin nìyẹn. Mo gbé e sórí gìtá, ni ìyà bá dé. Tí mo bá ta á fún wákàtí kan, orí ìka mi á máa ta mí bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Bridge rẹ̀, ìyẹn irin ìsàlẹ̀ tí okùn so mọ́, ti gbé ìdí sókè. Okùn kìíní ti já lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé kí n padà sí 9 ni, àbí 10, àbí kí n fara dà á títí ìka mi yóò fi le? Ẹ má bínú o, tí ìbéèrè mi bá jọ ti ọmọdé.

Lead_Alẹ́kúwodò
10. Ó tán.

Àbẹ̀ní_Olókùn
Ó tán kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ara wa ná.

Àbúrò, obìnrin ni mí, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ta gìtá, 9 ni mò ń lò. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ akọrin wa a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òwú ìránṣọ ni mo so mọ́ gìtá. Lọ́jọ́ kan mo gba gìtá ọ̀gá wọn tó ní 11, mo ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí ògiri. Mo ta orin kan lórí tirẹ̀, mo ta orin kan náà lórí tèmi, mo ní kí wọ́n sọ èwo ni okùn rẹ̀ nípọn. Àwọn méjì gbà á, àwọn méjì ṣì í. Ìyẹn ni pé wọ́n ń méfò ni. Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó tún dárúkọ òwú.

Ṣùgbọ́n n ò ní tàn ọ́. 9 ò fẹ́ ọwọ́ líle. Tí o bá jẹ́ ẹni tó máa ń tẹ kọ́ọ̀dù bí ẹni ń fún gàárì, ohùn á máa fò sókè díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó ń ta dùrù á sì máa wò ọ́ lójú.

Dùrù_ÒkèBaálẹ̀
Ẹ̀rí mi rèé, mo máa ń wò wọ́n lójú lóòótọ́. 😂 Ẹ̀yin onígìtá mà ń jìyà o. Tèmi, mo kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni.

BàbáÀtúnṣe_ÒkèFìà
Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Ọmọ mi, kí o tó ra nǹkan kan, kọ́kọ́ dá mi lóhùn: ibo gan-an ni okùn kìíní yẹn ti ń já? Lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ nut (ibi tí okùn ti ń gba ojú ihò kọjá lórí ọrùn gìtá) ni, láàárín ni, àbí nísàlẹ̀ lórí irin kékeré tí okùn jókòó lé? Wá èyí tó já kẹ́yìn, kí o wò ó. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ló ti ń já lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, okùn ò jẹ̀bi. O lè gbé 13 síbẹ̀, á já.

Bí o ṣe ń wá ìyẹn, jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà yìí. Bí a bá pín ínǹṣì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, okùn 10 fẹ̀ tó mẹ́wàá nínú rẹ̀. Okùn kìíní, ìyẹn èyí tó tín-ín-rín jù, ni wọ́n fi ń pe gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Páálí 9 tó wọ́pọ̀ jẹ́ 9, 11, 16, 24, 32, 42. Ti 10 jẹ́ 10, 13, 17, 26, 36, 46. Ti 11, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe é ní 11, 14, 18, 28, 38, 49. Àwọn mìíràn fi 48 parí rẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ojú òbọ̀rọ́. Mẹ́ta tó kù ni wọ́n fi wáyà wé bí ẹni wé gèlè.

Lójú, 9 àti 10 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìka ò gbà bẹ́ẹ̀. Láti 9 sí 10, agbára tí okùn kìíní fi ń fà kí ohùn rẹ̀ tó pé fi nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 25.5, páálí 9 lódindi ń fa ọrùn gìtá tó nǹkan bíi kílò 38, ti 10 tó kílò 46, ti 11 sì lé ní 50. Ẹ̀yin tí ẹ ti ru àpò sìmẹ́ńtì rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Odindi àpò kan lo so mọ́ ọrùn gìtá ẹ̀gbọ́n rẹ, o ò sì sọ fún gìtá náà tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí bridge rẹ fi gbé ìdí. Irú gìtá yẹn, kì í ṣe pé wọ́n kàn án mọ́ igi pátápátá. Okùn ń fà á síwájú, sípíríǹgì tó wà nínú ihò ẹ̀yìn gìtá ń fà á sẹ́yìn, àwọn méjèèjì ló ń fa ara wọn bí àwọn ọmọ tó ń fa okùn lọ́jọ́ eré ìdárayá. Ọjọ́ tí okùn lágbára ju sípíríǹgì lọ, bridge á ṣí ìdí sókè, okùn á ga kúrò lójú fret, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, ìwọ náà á wá máa fi tipátipá tẹ̀ ẹ́. Mo lè búra pé ìdajì ìrora ìka rẹ, gíga okùn ló fà á, kì í ṣe nípọn rẹ̀.

ỌmọAkọrin_ÒgoOlúwa
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti wò ó. Okùn méjì ṣì wà nínú àpò gìtá, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ti já, nísàlẹ̀, lórí irin kékeré yẹn.

BàbáÀtúnṣe_ÒkèFìà
Mo ti mọ̀. Irin náà ti ní ẹnu, ó ń ré okùn bí abẹ. Fi ìka kàn án, wàá rí i pé ó rí ṣákaṣàka. Tú okùn kúrò, mú okùn kẹfà àtijọ́ kan tí wọ́n wé, fà á síwá-sẹ́yìn lójú ọ̀nà náà bí ẹni ń fi ayùn ré igi, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí kò bá tó, wá sáńpépà tó kúnná jù tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, ká a lé ara wọn, fi ra á títí yóò fi dán. Ojú iṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Tẹ́nọ̀_ỌjàỌba
Bàbá ti sọ̀rọ̀ àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti òde. Jùjú ni mò ń ta láti kékeré. Wọ́n bí King Sunny Adé ní Òṣogbo wa yìí ní 1946, ẹ jẹ́ ká máa fi yangàn díẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kí o ta tẹ́nọ̀, o ò ní fa okùn kankan. Ìlà kan náà ni wàá máa ta, wàá máa yí i po bí ẹni ń hun ẹní, láti bí aago mẹ́wàá alẹ́ títí àwọn ìyá alásè fi máa palẹ̀ mọ́. Gángan ń dún létí rẹ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, o sì gbọ́dọ̀ fi píìkì lù ú kó tó yọ. 9 ò lè gba irú lílù yẹn. Bí píìkì bá ṣe bà á, ohùn á kọ́kọ́ fò sókè kó tó padà sáyè rẹ̀, gbogbo ìlà tí o ń ta á wá dà bí ẹni tó mu ẹmu yó. 11 ni mo gbé sórí tèmi, kò sì yọ mí lẹ́nu, torí gìtá mi kúrú, ínǹṣì 24.75 ni.

Fún lead, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ẹni tó ń ta lead máa ń fa okùn kí ohùn sunkún. Ìyẹn ò lè bá 11 rẹ́ lórí gìtá gígùn àfi tí ọwọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ yìí, kí ni wọ́n ń pè ọ́ wá ta?

ỌmọAkọrin_ÒgoOlúwa
Méjèèjì, ẹ̀gbọ́n. Tẹ́nọ̀ ní òde, lead ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gìtá kan ṣoṣo ni mo sì ní, kì í tilẹ̀ ṣe tèmi.

Tẹ́nọ̀_ỌjàỌba
Há. Nígbà náà ẹ̀gbọ́n Alẹ́kúwodò gbà á. 10.

Lead_Alẹ́kúwodò
Mo ti sọ ọ́ láti àárọ̀ o.

Kúnlé_Blúùsì
Èmi ò fara mọ́ gbogbo ẹ̀yin aláwẹ́lẹ́wà yìí. Ohùn gidi, inú okùn tó nípọn ló wà. Stevie Ray Vaughan, ọ̀gá onígìtá blúùsì, 13 ló lò! Ta ló tún ní ohùn tó bíi tirẹ̀?

Àbẹ̀ní_Olókùn
Bọ̀dá Kúnlé, ẹ parí ìtàn náà. Vaughan a máa sọ gbogbo okùn rẹ̀ kalẹ̀ ní ìdajì ohùn, ìyẹn fret kan sísàlẹ̀, kò fi 13 sí ojú ohùn tí àwa ń lò. Ẹ sì gbàgbé Billy Gibbons ti ZZ Top, òkìkí ohùn rẹ̀ kàn káàkiri, 7 ló ń lò. Méje! Kódà 9 tèmi nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kúnlé_Blúùsì
Ó dáa, mo ti jókòó. Ṣùgbọ́n ìdajì ohùn kan, kí ló lè yí padà nínú okùn 13?

BàbáÀtúnṣe_ÒkèFìà
Ó ń yí i padà díẹ̀. Bí o bá sọ okùn kalẹ̀ ní ìdajì ohùn kan, agbára tó fi ń fà á dín nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Okùn 10 tí o sọ kalẹ̀ báyẹn, lábẹ́ ìka, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí 9.5 tí o kò sọ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó bá wá sọ́dọ̀ mi, ṣé orí ohùn ni wọ́n wà àbí ìdajì sísàlẹ̀, torí àwọn ẹgbẹ́ akọrin kan wà tí wọ́n máa ń sọ gìtá kalẹ̀ kí ohùn àwọn tó ń kọrin má baà já. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ti yín, tí o sì gbé 9 sórí rẹ̀, okùn á dẹ̀ bíi rọ́bà, á máa lu fret.

Gígùn gìtá náà wà níbẹ̀. Gbé téépù aránṣọ, wọn láti nut dé fret kejìlá, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tí ó bá jẹ́ 25.5, okùn á le díẹ̀. Tí ó bá jẹ́ 24.75 bíi ti Tẹ́nọ̀, nọ́ńbà kan náà á fi nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún rọ̀ sí i. Ẹni méjì lè máa jà lórí 10, kí ọ̀kan ní ó le, kí ìkejì ní ó rọ̀, kí òtítọ́ sì wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Sànmí_Ìgbọ̀nà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún àbúrò, kó má baà ṣe bíi tèmi. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn mo sáré wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ìsìn ìṣọ́-òru kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ní "ẹ fún mi ní okùn gìtá", wọ́n fún mi, mo sanwó. Okùn náà dán bíi wúrà. Mo gbé e sí i, mo so ó mọ́ amp, okùn òbọ̀rọ́ ń pariwo, àwọn okùn tí wọ́n wé ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo yí amp títí, mo ṣi àdúrà lọ́nà. Àṣé okùn gìtá onígi tí kò lo iná ni wọ́n tà fún mi, bronze ni wọ́n fi wé e.

Pickup gìtá oníná, mágínẹ́ẹ̀tì ni. Irin àti nickel ló ń gbọ́, kò gbọ́ èdè bronze dáadáa. Tó bá jẹ́ okùn rọ́bà ti gìtá kíláásíkà ni, kò ní gbọ́ nǹkan kan rárá. Nítorí náà kí ẹ tó wo nọ́ńbà, ẹ ka ara páálí, kí ẹ rí i pé "electric" ló kọ síbẹ̀.

Dùrù_ÒkèBaálẹ̀
Okùn tó dán bíi wúrà, tó wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo mọ àwọn kan bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọlaiya
Ẹ káàsán o. Èmi ń ra okùn ẹyọ-ẹyọ ni, torí páálí wọ́n. Ṣùgbọ́n okùn ẹyọ kì í ní nọ́ńbà lára, ẹni tó ń tà á náà á kàn fojú wọ̀n ọ́n. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí mo rà?

BàbáÀtúnṣe_ÒkèFìà
Ìbéèrè ọlọgbọ́n. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ lathe tí wọ́n ń gé irin mọ́tò. Gbogbo wọn ló ní káálípà. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ wọn okùn náà, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Tí ó bá jẹ́ mílímítà 0.23, 9 ni. 0.25, 10 ni. 0.28, 11 ni. Okùn kẹfà tó bá súnmọ́ 1.17, 46 ni. Kọ ọ́ sílẹ̀ sínú fóònù rẹ.

Má sì jẹ́ kí okùn kìíní jẹ́ 9, kí ìkejì jẹ́ ti páálí 11, kí ìkẹta jẹ́ ohun tí ẹnì kan rí nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ ò ní mọ irú agbára tó yẹ kó lò. Àfi tí o bá mọ̀ọ́mọ̀ dà á pọ̀: àwọn kan ń fi mẹ́ta òkè páálí 9 pẹ̀lú mẹ́ta ìsàlẹ̀ páálí 10, òkè á rọrùn láti fà, ìsàlẹ̀ á sì dúró gírígírí. Wọ́n tilẹ̀ ń tà á bẹ́ẹ̀ nínú páálí, 9 sí 46. Bí gìtá kan bá jẹ́ ti tẹ́nọ̀ àti lead, ìyẹn náà kò burú.

Tẹ́nọ̀_ỌjàỌba
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń gbádùn o. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, wáyà inú búréékì kẹ̀kẹ́ la tú, la so mọ́ agolo àti pákó. Kò sẹ́ni tó béèrè nọ́ńbà.

Ẹ̀yin Òyìnbó náà kúkú jìyà tiwọn. Kí ọdún 1960 tó dé, okùn ìkẹta nínú páálí gìtá oníná nípọn, wọ́n wé e ni, kò ṣeé fà. Àwọn tó gbọ́n lára wọn ń ra okùn báńjò fi rọ́pò okùn kìíní, kí wọ́n lè sún àwọn tó kù sísàlẹ̀. Ernie Ball, tó ní ṣọ́ọ̀bù gìtá ní California, ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta páálí okùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó pè ní Slinky láàárín ọdún 1960 sí 1965. 10 sí 46 tí a ń jà lé lórí yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti di gbajúmọ̀.

Àbẹ̀ní_Olókùn
Ẹ̀gbọ́n Tẹ́nọ̀, "ẹ̀yin Òyìnbó" kẹ̀? Ta ni Òyìnbó níbí?

Tẹ́nọ̀_ỌjàỌba
Ọwọ́ ló yọ̀ mí. Fóònù kékeré ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.

Sànmí_Ìgbọ̀nà
Ẹ má gbàgbé ìpatà o. Ooru ìlú yìí àti òógùn ọwọ́ ni ọ̀tá okùn, okùn òbọ̀rọ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ dípatà. Tí mo bá ti ta gìtá tán, mo máa ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún lókè àti lábẹ́, kí n tó dì í. Okùn tó bá ti pọ́n lára á gé ìka ju 13 lọ. Bí ọyẹ́ bá tún dé, igi ọrùn gìtá á gbẹ, á yí díẹ̀, okùn tó jókòó dáadáa nígbà òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe lójú fret. Ẹ má bá okùn jà nígbà náà.

BàbáÀtúnṣe_ÒkèFìà
Òótọ́ ni. Ọmọ mi, gbọ́ èyí kí o tó lọ, torí o máa sọ̀ kalẹ̀ láti 11 sí 10. Pààrọ̀ àwọn okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, má tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn tí o bá ti túùn ún, bridge á wálẹ̀ fúnra rẹ̀ díẹ̀. Tí ó bá ṣì gbé ìdí, ṣí pákó ẹ̀yìn, wàá rí síkúrù gígùn méjì tó di irin tí sípíríǹgì kọ́ mọ́. Yí àwọn méjèèjì wọlé díẹ̀díẹ̀, túùn padà, tún wò ó. Tí bridge bá ti rì jù, yí wọn jáde. Ìwọ náà ni wàá máa túùn títí sùúrù fi máa tán, kò sí ọ̀nà àbùjá.

Okùn tó fẹ́ẹ́rẹ́ kò ní fa ọrùn gìtá bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà ọrùn lè nà sẹ́yìn, kí okùn máa lu àwọn fret ìbẹ̀rẹ̀. Truss rod, ọ̀pá irin tó wà nínú ọrùn gìtá, la fi ń tún ìyẹn ṣe, a máa ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn, má fọwọ́ kàn án. Gbé e wá. Mo ti rí èyí tí wọ́n yí títí tó fi kán sínú igi.

Níkẹyìn, wo ohùn fret kejìlá pẹ̀lú ohùn tí okùn ń mú wá nígbà tí o bá kàn fọwọ́ bà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú kan náà. Ó yẹ kí wọ́n bára mu. Tí èyí tí o tẹ̀ bá ga jù, sún irin kékeré náà sẹ́yìn, kí okùn gùn sí i.

ỌmọAkọrin_ÒgoOlúwa
Ẹ̀yin àgbà, mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fi okùn àtijọ́ ra irin yẹn, mo tún fi sáńpépà kún un. Mo gbé 10 sí i. Síkúrù méjèèjì, mo yí wọn wọlé, mo yí wọn jáde, ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lórí ẹ̀, iná tún lọ, fóònù ni mo fi tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ọrùn náà lu fret lóòótọ́ bí Bàbá ṣe wí, mo gbé e lọ sí Òkè-Fìà, Bàbá yí i ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, ó dákẹ́.

Òde méjì ni mo ti ta báyìí, okùn kan ò já. Ìka ṣì ń dùn mí tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò bó mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fa okùn ìkejì nínú orin ọpẹ́, ìyá kan dìde jó.

Páálí 11 kan ṣì wà lọ́wọ́ mi tí mi ò tíì tú. Ṣé ẹnì kan fẹ́ ẹ?

Tẹ́nọ̀_ỌjàỌba
Bá mi gbé e dé Ọlaiya lọ́jọ́ Ẹtì. Jọ̀ọ́, má tà á fún Kúnlé.